Òṣùwọ̀n ayọ̀ mẹ́rin fún ẹgbẹ́ àti ìjọ ní Abuja: ohun tí wọ́n ń wọ̀n, àti ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn

Bí ẹgbẹ́ ìlú, ìjọ, àsàlátù tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Kubwa, Nyanya tàbí Lugbe bá fẹ́ mọ̀ bóyá ayé dẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, irinṣẹ́ wà nílẹ̀ tí kò gba kọ́bọ̀. Mẹ́rin la yẹ̀ wò níhìn-ín: àtẹ̀gùn Cantril, ìbéèrè márùn-ún ti Diener, WHO-5 ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, àti àkọsílẹ̀ àná. Owó ìwé, bírò àti fọtokọ́pì nìkan ló máa ná yín. A wò wọ́n bí èèyàn ṣe ń wo ọjà kó tó rà á: kí ló wà nínú wọn, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, níbo ni wọ́n ti ń jáni kulẹ̀.

Ìbéèrè kan sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ tí kò ṣeé fò: ṣé ayọ̀ ni olórí ire tí ọmọ ènìyàn lè ní? Lójú ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òṣùwọ̀n tó bá ti wọn ayọ̀ ti wọn ohun gbogbo. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òṣùwọ̀n rẹ̀ ń fi sílẹ̀. Èrò tiwa ni pé irinṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wúlò, àti pé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ló ń jẹ́rìí pé ayọ̀ kọ́ ló wà lókè pátápátá.

Àtẹ̀gùn Cantril

Hadley Cantril, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìhùwàsí ẹ̀dá, ló gbé e jáde ní 1965 lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó ní orílẹ̀-èdè 14, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Òun ni Gallup, ilé-iṣẹ́ tó ń wádìí èrò aráàlú, ń gbé káàkiri àgbáyé títí dòní. Òun náà ló wà nídìí ìròyìn ayọ̀ àgbáyé tó ti ń jáde láti 2012, èyí tí Finland ti ń gba ipò kìn-ín-ní nínú rẹ̀ láti 2018. Ọjà tó ti pẹ́ lórí àtẹ ni.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ ya àtẹ̀gùn sórí ìwé, kí ẹ kọ 0 sí ìsàlẹ̀, 10 sí òkè. Ìpele 11 nìyẹn, kì í ṣe 10. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1, àárín á wá kúrò ní 5, iye tí wọ́n bá rí kò sì ní ṣeé fi wé ti ẹnikẹ́ni mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á báyìí: «Ẹ wo àtẹ̀gùn yìí. Òkè pátápátá ni ayé tó dára jù tó lè ṣeé ṣe fún yín. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ayé tó burú jù tó lè ṣeé ṣe fún yín. Ìpele wo lẹ wà lónìí? Ìpele wo lẹ rò pé ẹ máa wà ní ọdún márùn-ún sí i?» Ẹni tó bá mú 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún òní, tó sì mú 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀la, Gallup á kà á mọ́ àwọn tó ń gbèrú. Ẹni tó bá mú 4 tàbí tó dín sí i fún méjèèjì wà lára àwọn tí ìyà ń jẹ. Àwọn yòókù wà láàárín, wọ́n ń wọ̀yá ìjà pẹ̀lú ayé.

Ní Abuja, ibi tó ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́ ni àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ nínú àwọn tí ẹ máa bi, àtẹ̀gùn tí wọ́n sì mọ̀ jù ni ti owó oṣù: grade level láti 01 dé 17, tó fo 11, tí level kọ̀ọ̀kan tún ní step tirẹ̀. Ẹ bi ẹni tó wà ní level 08 pé ìpele wo ló wà, ìgbéga tí kò tíì jáde ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 fi hàn pé àwòrán àtẹ̀gùn máa ń fa ọkàn àwọn èèyàn sí agbára àti owó, ju ìgbà tí wọ́n bá béèrè ohun kan náà láìdárúkọ àtẹ̀gùn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fa ìlà gbọọrọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, 0 ní ìpẹ̀kun kan, 10 ní ìpẹ̀kun kejì, kí ẹ sì gbé àtẹ̀gùn jù sílẹ̀. Ẹ ò ní lè fi iye yín wé ti àgbáyé tààrà mọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ fi ẹgbẹ́ ìlú ní Kubwa wé Finland?

Ìbéèrè ọdún márùn-ún ló tún ń dani láàmú jù. Lẹ́nu Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọ̀la àdúrà ni. Ẹni tó wà ní 3 lónìí á mú 10 fún ọ̀la láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó jókòó tì í á sì ṣe àmín. Kò purọ́. Àdúrà ló gbà, ẹ̀yin lẹ kà á sí àsọtẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àdúrà ní ààyè tirẹ̀: ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọdún márùn-ún tó ń bọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ wá bi í pé bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ yìí, níbo ló rò pé òun máa wà. Iye á wálẹ̀.

Ẹ ṣọ́ àwọn tó sún mọ́ ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú. Ọjọ́ orí 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá ṣáájú, ni ti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ku ọdún mẹ́ta fún kì í dáhùn nípa ayé rẹ̀ lápapọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì àti ilé tí kò tíì dé òrùlé nílé ló ń dáhùn fún. Ẹ ya ìwé tiwọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣírò.

Àwọn Mùsùlùmí tó ti kàwé jinlẹ̀ lè bi yín pé ayé wo. Ìbéèrè gidi ni. Al-Ghazali, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kú ní 1111, kọ́ni pé ayọ̀ tó pé wà nínú mímọ Ọlọ́run, ìgbádùn ayé yìí kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀, ìlà yín kúrú jù. Ẹ kọ «ní ayé yìí» sínú ìbéèrè náà, kí ẹ má bàa kó ìdáhùn oríṣi méjì sínú àpò kan.

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lo òṣùwọ̀n ayọ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ 2003. Ọdún yẹn ni ìròyìn gba ayé kan pé ọmọ Nàìjíríà ni inú wọn dùn jù láyé, nínú ìwádìí tó kan orílẹ̀-èdè tó lé ní 60. Nínú ìròyìn alátẹ̀gùn tó ń jáde láti 2012, Nàìjíríà kò sún mọ́ ibẹ̀ rí. Àwọn èèyàn kan náà ni; ìbéèrè ló yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sọ bóyá inú wọn dùn gan-an, ó dùn díẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, àbí kò dùn rárá. Ẹni tó bá jí láyọ̀, tí ará ilé rẹ̀ jí, á ní inú òun dùn, á sì dúpẹ́. Àtẹ̀gùn ní tirẹ̀ ní kó gbé ayé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé tó dára jù tó lè ní, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iná, omi àti owó ilé-ìwé ti ń wọlé. Èèyàn lè máa rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn kó sì mọ̀ dáadáa pé ayé òun kò rí bó ṣe yẹ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ayọ̀ ni olórí ire, kó kọ́kọ́ sọ èwo nínú méjèèjì ló ń wí. Ìjà tó wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀ràn láti ọjọ́ pípẹ́, ìdajì rẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn.

Máàkì tiwa: 6 nínú 10. Ó yá, ó sì rọrùn, ìṣẹ́jú méjì kò tíì pé tí èèyàn kan á ti parí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í sọ ibi tí bàtà ti ń tani lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè márùn-ún

Ed Diener, òun náà ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta gbé èyí jáde ní 1985. Gbólóhùn márùn-ún ni, onítọ̀hún á sọ bó ṣe gbà á tó, láti 1 (n kò gbà rárá) dé 7 (mo gbà gan-an). Ohun tó wà nínú wọn nìyí: pé ayé mi sún mọ́ bí mo ṣe fẹ́ kó rí, pé ipò tí ayé mi wà dára gan-an, pé ayé mi tẹ́ mi lọ́rùn, pé títí di ìsinsìnyí mo ti rí àwọn ohun pàtàkì tí mo fẹ́ láyé, pé bí mo bá lè tún ayé mi gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo máa yí padà kò ní tó nǹkan.

Ẹ ro márààrún pọ̀. Èyí tó kéré jù ni 5, èyí tó pọ̀ jù ni 35. Ẹni tó gba 31 sí 35, ayé tẹ́ ẹ lọ́rùn gidigidi. 26 sí 30, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. 21 sí 25, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn díẹ̀. 20 gééré wà láàárín. Láti 15 sí 19, nǹkan ti ń kù díẹ̀ káàtó. 10 sí 14, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. 5 sí 9, ẹ má jẹ́ kó lọ sílé láìbá a sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń fa wàhálà jù nígbà tí wọ́n bá kà á sókè ni ìpele méje yẹn. Èèyàn kì í ya «mo gbà» sọ́tọ̀ kúrò lára «mo gbà díẹ̀» bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, pàápàá àwọn àgbà. Ẹ má kà méje sí wọn létí. Ẹ bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: àkọ́kọ́, «Ṣé ẹ gbà, ẹ ò gbà, àbí ẹ wà láàárín?» Bó bá wà láàárín, 4 nìyẹn, ó parí. Bó bá gbà tàbí kò gbà, ẹ tún bi í: «Gan-an ni, bẹ́ẹ̀ náà ni, àbí díẹ̀?» Mẹ́ta níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ọ̀kan láàárín: méje pé, kò sì sí ẹni tó dààmú.

Gbólóhùn kejì máa ń di ọ̀rọ̀ Nàìjíríà. Ẹ sọ pé «ipò», èsì tí ẹ máa gbọ́ ni owó epo, iye tí dọ́là wà, ọ̀nà tí kò dára. Ẹ fi kún un pé ayé tiyín ni a ń béèrè, kì í ṣe ti ìlú. Karùn-ún ló le jù lọ fún àwa. Ẹni tó gbà pé àkúnlẹ̀yàn òun ló ń ṣẹ, tàbí Mùsùlùmí tó gba kádàrà gbọ́, lè rí i pé bíbéèrè ohun tí òun máa yí padà dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí òun bá Ẹlẹ́dàá òun ṣẹjọ́. Á mú 7, kì í ṣe nítorí pé ayé rẹ̀ dùn, bí kò ṣe nítorí pé kò fẹ́ ṣàìdúpẹ́. Bí karùn-ún bá ga fíofío tí ẹ̀kẹta sì wà nílẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣírò mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́rin lẹ ṣírò.

Ìgbà tí ẹ bá béèrè ṣe pàtàkì tó ohun tí ẹ béèrè. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ tán. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé, ẹ má sì ṣe é ní oṣù tí owó ilé pé, torí pé ti ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni àwọn onílé ń gbà, ọkàn ayálégbé kò sì lè kúrò níbẹ̀ lóṣù yẹn. Àárín oṣù ló dára. Kí alága tàbí pásítọ̀ tàbí ìmáàmù má kà á sókè fúnra wọn. Ẹni tí yóò kú yóò ní ara òun le tó bá jẹ́ pé àwọn ló ń béèrè. Ká nawọ́ sókè láwùjọ kò sí nínú rẹ̀ rárá. Kí tọkọtaya má jókòó tira. Bí ẹ ò bá tó mẹ́wàá, ẹ má pín èsì sí ti ọkùnrin àti ti obìnrin, ti àgbà àti ti ọ̀dọ́, nítorí gbogbo èèyàn á mọ ẹni tó gba 9. Nígbà ìṣírò, ẹ to iye láti kékeré dé ńlá kí ẹ mú ti àárín gangan. Ó sàn ju kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ pín in lọ, torí pé ẹni méjì tó gba 35 lè bo ẹni márùn-ún tó ń rì mọ́lẹ̀.

Ibi tí irinṣẹ́ yìí ti ń ṣí ojú ni pé onítọ̀hún gan-an ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ìwúlò rẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni àbùkù rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní agbaṣẹ́ṣe kan gba owó kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan, ó gbẹ́ ihò, kò fi ẹ̀rọ sí i, ó fi owó yòókù kọ́lé. Ó lè gba 33 láìparọ́. Kò sí ibì kan nínú ìbéèrè márùn-ún tí a ti lè yọ máàkì kúrò fún àwọn tó ń pọn omi odò. Kant, ọ̀mọ̀ràn ará Jámánì, ti sọ ọ́ pé ayọ̀ ẹni tí kò yẹ kó ní ayọ̀ kì í dùn mọ́ ẹni tó ń wò ó láìṣègbè. Àwọn bàbá wa náà kò fi inú dídùn ṣáájú nígbà tí wọ́n bá ń ka ire: ajé, aya tàbí ọkọ, ọmọ, ilé, àìkú tí í ṣe parí ìwà. Wọ́n sì ní ìwà lọba àwúre, èyí tó fi hàn pé ibi tí wọ́n rò pé gbogbo ire ń gbà wọlé kì í ṣe inú dídùn. Bí ayọ̀ bá jẹ́ olórí ire, agbaṣẹ́ṣe wa yìí ti débẹ̀. A ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín máa gbà bẹ́ẹ̀.

8 nínú 10. Fún ẹgbẹ́ tó ní èèyàn 20 sí 200, kò sí èyí tó dára jù ú lọ.

WHO-5

Ìbéèrè márùn-ún ni èyí náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá nìkan ló ń wò: ṣé ara yín yá gágá, ṣé ọkàn yín balẹ̀, ṣé okun wà nínú yín, ṣé ẹ jí tí ara tù yín, ṣé ohun tó wù yín wà nínú ọjọ́ yín. Láti 0 dé 5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ro ó pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, á bọ́ sí 0 sí 100. Ẹni tí kò bá ju 50 lọ, ó yẹ kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní kí ẹ má lò ó bí ẹ ò bá ní ẹni tí ẹ máa darí onítọ̀hún sí. Ẹ wá ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ kí ẹ tó pín ìwé; fún àwọn tó wà ní Kaduna, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa. Ohun tó ń ṣe, ó ń ṣe é dáadáa, kò sì díbọ́n pé òun mọ ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. 9 nínú 10 fún iṣẹ́ tirẹ̀.

Àkọsílẹ̀ àná

Èyí ló gba iṣẹ́ jù, òun la sì fẹ́ràn jù. Daniel Kahneman, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin gbé e jáde ní 2004, lẹ́yìn tí wọ́n lò ó fún obìnrin òṣìṣẹ́ 909 ní Texas. Kò béèrè pé báwo ni ayé. Ó ní kí ẹ pín àná sí wẹ́wẹ́, láti ìgbà tí ẹ jí títí dìgbà tí ẹ sùn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, ohun tí ẹ ń ṣe, ibi tí ẹ wà, ẹni tí ẹ jọ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 0 sí 6 díwọ̀n bí ìmọ̀lára kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó nígbà náà: inú dídùn, ìgbádùn, àníyàn, ìbínú, ìkánjú, àárẹ̀. Ẹ fún èèyàn ní bíi wákàtí kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn kọ «mo lọ síbi iṣẹ́, aago 8 sí 4» bí ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí méjì ni kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Òmíràn ni pé àwọn èèyàn máa ń kọ bó ṣe yẹ kó rí lára wọn: àdúrà òwúrọ̀, 6, ìpàdé ìjọ, 6. Ẹ ní kí wọ́n rántí ìṣẹ́jú náà gan-an, títí kan oorun tó ń kùn wọ́n. Ẹ má sì bi gbogbo èèyàn ní Monday, torí Sunday nìkan ni wọ́n á sọ fún yín. Ẹ pín wọn sí ọjọ́ márùn-ún.

Ìṣírò rẹ̀ ló dùn mọ́ wa jù. Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tó ń gbé Mararaba, tó ń ṣiṣẹ́ ní Federal Secretariat. Ó jí ní 4:30 ìdájí, ó sùn ní 10 alẹ́: ìṣẹ́jú 1,050. Ó wọ ọkọ̀ ní 5:15, ó dé ní 7:30, ìṣẹ́jú 135. Ó kúrò ní 4:30 ìrọ̀lẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya mú un, ó délé ní 7, ìṣẹ́jú 150. Bó bá jẹ́ pé ìbínú tàbí àárẹ̀ ló ga jù ní àkókò méjèèjì, ìṣẹ́jú 285 nínú 1,050 nìyẹn, bíi 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ju ìdá mẹ́rin ọjọ́ rẹ̀ lọ, kí ọ̀gá tó pariwo mọ́ ọn rárá. Àtẹ̀gùn Cantril kò lè sọ èyí fún yín láé. Nọ́ńbà yìí ni ẹgbẹ́ lè gbé dìde: kí wọ́n dá ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n jọ máa gbé ara wọn, kí ìpàdé ọjọ́ iṣẹ́ kúrò ní ìrọ̀lẹ́. Ní Texas náà, ìrìn àjò sí ibi iṣẹ́ wà lára ohun tó ní máàkì tó kéré jù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tó jáde ní Texas. Ìtọ́jú ọmọ kéré ní máàkì sí wíwo tẹlifíṣọ̀n. Irú rẹ̀ ni yóò jáde lọ́dọ̀ yín: ìyá tó ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nínú ooru láìsí iná, ọmọ tó lọ ń jókòó ti bàbá rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ní Gwagwalada lọ́jọ́ Saturday, ẹni tó lọ kí olóòkú ní Karu. Gbogbo wọn á gba 1 tàbí 2 fún inú dídùn, 5 fún àárẹ̀. Bí ayọ̀ bá jẹ́ olórí ire lóòótọ́, ìmọ̀ràn tó tọ́ láti inú ìwé yìí ni kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n fi fíìmù dípò rẹ̀. Ẹ gbé ìmọ̀ràn yẹn síwájú ẹni tó kọ ọ́, ẹ máa rí ojú tó máa fi wò yín. Kì í ṣe pé kò mọ bó ṣe rẹ òun. Ó mọ̀, ó sì tún máa lọ ní Saturday tó ń bọ̀.

Jeremy Bentham, ọ̀mọ̀ràn ará Gẹ̀ẹ́sì, ni bàbá irú ìṣírò báyìí. Ní 1789 ó ka ohun méje tí a fi ń díwọ̀n ìgbádùn: bó ṣe lágbára tó, bó ṣe pẹ́ tó, bó ṣe dájú tó, bó ṣe sún mọ́ tó, bóyá á bí òmíràn, bóyá ìrora kò ní tẹ̀lé e, àti iye èèyàn tó kàn. Àkọsílẹ̀ àná ń wọn méjì àkọ́kọ́ péré. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Bentham lè sọ pé ti wọ́ọ̀dù yẹn á bí ayọ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Bóyá. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà kò bá dìde mọ́ ńkọ́, ṣé òfò ni Saturday wọ̀nyẹn?

Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ará Gíríìsì àtijọ́, gbà pé ayọ̀ ni olórí ire, torí pé òun ni a ń wá nítorí ara rẹ̀, tí a kì í wá nítorí ohun mìíràn. Àmọ́ ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀ ni ayé tí a fi ìwà rere àti ọgbọ́n gbé títí dé òpin, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ àti ìwọ̀nba ohun ìní; ó ní ọjọ́ kan kì í sọ ẹnikẹ́ni di aláyọ̀. Bó bá jẹ́ irú ayọ̀ yẹn là ń wí, a gbà fún un, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè wọ̀n ọ́n nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Robert Nozick, ọ̀mọ̀ràn ọmọ Amẹ́ríkà, ló béèrè ní tirẹ̀, ní 1974, pé bí ẹ̀rọ kan bá wà tó lè máa fi ìmọ̀lára dídùn kún orí yín títí ayé, nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀ síbì kan tí ẹ ò ṣe nǹkan kan, ṣé ẹ máa wọ inú rẹ̀. Lórí àkọsílẹ̀ àná, ẹni tó bá wọ inú ẹ̀rọ yẹn á gba 6 láti òwúrọ̀ dé alẹ́.

8 nínú 10 la fún un. Máàkì méjì tó yọ, nítorí wákàtí kan tó ń gbà ni. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ bí àwọn èèyàn bá rò pé ó lè ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ìka tó tọ́ símú la fi ń remú. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọdún yìí wé ọdún tó ń bọ̀, ẹ mú ìbéèrè márùn-ún ti Diener, kí ẹ sì lo ìwé kan náà, oṣù kan náà, ẹni kan náà tó ń kà á. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ lè tún ṣe ní oṣù yìí, àkọsílẹ̀ àná ni. Èèyàn 15 tó fi sùúrù kọ ọ́ dára ju 100 tó sáré lọ. WHO-5 wà fún ìgbà tí ẹ̀rù ìlera ẹnìkan bá ń bà yín. Àtẹ̀gùn wà fún ìgbà tí àkókò kò bá sí.

Èyí yòówù kí ẹ mú, ẹ fi ìbéèrè kan kún un tí kò sí nínú èyíkéyìí. Ẹ gbé e sí ìparí pátápátá, lẹ́yìn gbogbo nọ́ńbà, kí ẹ fi ìlà méjì òfìfo sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: «Kí ni ohun kan tó ń ni yín lára, tí ẹ kò ní gbà kí wọ́n mú kúrò lọ́rùn yín?» Ẹ má to ìdáhùn sílẹ̀ fún wọn láti mú, torí bí «ìjọ mi» bá wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló máa mú un. Ẹ má fún un ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ lófìfo, ẹ fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kà á, ẹ tò wọ́n sí òkìtì òkìtì bí wọ́n ṣe jọra: ìtọ́jú òbí, ọmọ tó ní àìlera, owó ilé-ìwé àbúrò, iṣẹ́ nínú ìjọ. Kí ẹ wá gbé ìwé ìnáwó ẹgbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí òkìtì ìtọ́jú òbí bá ga ju ti àwọn yòókù lọ, tó sì jẹ́ pé orí àpèjẹ ìparí ọdún ni owó yín ń lọ, ẹ yọ nínú rẹ̀ fún owó ọkọ̀ sí Gwagwalada àti fún ẹni tí yóò máa gba ipò wọn ní wọ́ọ̀dù fún wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Saturday.